Asofẹ́yẹjẹ: Igi Oògùn Inú Oko Wa, Agbára Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀

Ìwé kékeré yìí kì í ṣe lórí kòkó, kì í sì í ṣe lórí obì tàbí ẹ̀gẹ́. Ó jẹ́ lórí igi kan tí ẹnikẹ́ni kò gbìn sínú oko yín, ṣùgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ẹyẹ ni ó gbìn ín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín máa ń fi àdá gé e dànù nígbà tí ẹ bá ń ro oko. Àwọn mìíràn sì máa ń wa gbòǹgbò rẹ̀ fún àgbo. Orúkọ igi náà ni asofẹ́yẹjẹ.

Bóyá ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ó kan òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ oògùn. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Inú oko ni oògùn ti ń wá. Àgbẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan gbòǹgbò náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ lẹ́kúlẹ́jà ní ọjà, kí ó sì tó dé inú ìkòkò àgbo. Bí àgbẹ̀ bá mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewu ni kò ní wọ ilé. Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa igi yìí. Èkínní ni pé agbára tí àwọn baba wa sọ pé ó ní, òótọ́ ni. Èkejì ni pé nítorí tí agbára náà jẹ́ òótọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bù ú mu bí ẹni ń mu omi.

BÍ A TI Ń DÁ IGI NÁÀ MỌ̀

Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pe igi yìí ní Rauvolfia vomitoria. Apá kìn-ín-ní orúkọ náà jẹ́ ìrántí Leonhard Rauwolf, oníṣègùn ará Jámánì kan tí ó gbé ayé láàárín ọdún 1500 sí 1600. Apá kejì túmọ̀ sí ohun tí ń mú ènìyàn bì. Ẹ rí i pé ìkìlọ̀ ti wà nínú orúkọ tí òyìnbó fún un. Ìkìlọ̀ wà nínú orúkọ tiwa pẹ̀lú: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ. Ẹyẹ ni ó ni èso rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ẹyẹ a máa jẹ èso náà, a sì máa gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Nítorí náà ni ó fi ń hù nínú ìgbòrò, ní etí igbó, àti lábẹ́ kòkó tí a kò ro dáradára. Ní erékùṣù Hawaii ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti mú un dé láti òkèèrè, ẹyẹ ti tàn án ká tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di igi ayọnilẹ́nu fún wọn.

Ní ilẹ̀ wa, igi tí kò tóbi púpọ̀ ni a sábà máa ń bá. Ẹ wo bí ewé rẹ̀ ti jáde lára ẹ̀ka: mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń yí ẹ̀ka ká ní ojú kan náà. Bí ẹ bá já ewé rẹ̀, oje funfun bí wàrà yóò jáde. Òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì pọ̀ lójú kan. Èso rẹ̀ kéré, ó rí róbótó. Àwọ̀ ewé ni ó ní nígbà tí kò tíì pọ́n, lẹ́yìn náà yóò dàbí ọsàn tí ó pọ́n, nígbẹ̀yìn yóò sì pupa.

Ẹ má ṣe fi oje funfun nìkan dá a mọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ igi ni ó ní oje bẹ́ẹ̀. Ahùn ní oje funfun, ewé rẹ̀ náà sì ń yí ẹ̀ka ká, ṣùgbọ́n ewé ahùn tí ó wà lójú kan máa ń tó márùn-ún sí mẹ́jọ, igi rẹ̀ a máa ga fíofío, èso rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí ó rọ̀ sílẹ̀ ní méjì méjì. Ire náà ní oje funfun, ṣùgbọ́n méjì méjì ni ewé rẹ̀ ń jáde ní ìdojúkọ ara wọn. Ẹni tí kò bá dá igi mọ̀ dájú kò gbọ́dọ̀ wa gbòǹgbò rẹ̀ fún ẹlòmíràn mu.

IṢẸ́ TÍ ÀWỌN BABA WA FI Ń ṢE

Láti ìgbà láéláé ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ. Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jùlọ ni ìtọ́jú wèrè. Nígbà tí wọ́n bá mú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú wá sọ́dọ̀ oníṣègùn, ẹni tí ń sá kiri, tí ń lu ènìyàn, tí kò sì sùn láti ọjọ́ púpọ̀, àgbo tàbí àgúnmu gbòǹgbò yìí ni ó sábà máa ń fún un. Aláìsàn náà lè bì, inú rẹ̀ sì lè ṣí; lẹ́yìn náà oorun yóò gbé e lọ. Nígbà tí ó bá jí, ara rẹ̀ yóò ti rọ̀, yóò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a máa lò ó fún ẹni tí kò rí oorun sùn, àwọn mìíràn fún ibà, àwọn mìíràn a sì máa fi omi rẹ̀ wẹ ara tí ń yún ni.

Àwọn àgbà a máa wí pé, “Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan.” Àwọn tí ó pa òwe yìí kò wí pé ewé kan ṣoṣo ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé oògùn ní ìwọ̀n, ó ní àsìkò, ó sì ní ẹni tí ó yẹ fún. Oníṣègùn tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yanjú a máa fi aláìsàn sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. A máa wo oorun rẹ̀, a máa wo oúnjẹ rẹ̀, bí ó bá sì rí i pé ó ń rẹ̀ ẹ́ jù, yóò dín oògùn náà kù. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ gbòǹgbò yìí ti kúrò lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti wà nínú ìgò ní ibùdókọ̀. Ẹni tí ń tà á kò mọ ẹni tí ń mu ún, ẹni tí ń mu ún kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

BÍ AYÉ TI WÁ JẸ́RÌÍ SÍ I

Asofẹ́yẹjẹ ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Rauvolfia serpentina. Àwọn ará Íńdíà náà ti ń lo gbòǹgbò tiwọn fún àìsàn orí láti ayébáyé. Ní ọdún 1931, Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose kọ̀wé pé ó ń ran àwọn alárùn ọpọlọ lọ́wọ́, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ru wálẹ̀. Ní ọdún 1949, Rustom Jal Vakil, oníṣègùn ọkàn ní ìlú Bombay, kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọkàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, yọ ojúlówó èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ náà jáde láti inú gbòǹgbò ti Íńdíà. Wọ́n sọ ọ́ ní reserpine. Ní ọdún 1954, Nathan Kline ní New York ròyìn pé ó ti fi ṣe ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn, ara wọn sì balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yẹ asofẹ́yẹjẹ ilẹ̀ wa wò, wọ́n rí i pé reserpine wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti Íńdíà lọ. Nítorí náà ni àwọn oníṣòwò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ra gbòǹgbò rẹ̀ ní Áfíríkà, pàápàá ní ilẹ̀ Kóńgò, tí wọ́n ń kó o lọ sí ilé iṣẹ́ oògùn ní òkè òkun.

Ní ìtòsí wa níbí, ní ọdún 1954 kan náà, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro. Ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn ní ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1950, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aro, ó sì wádìí ohun tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ń lò. Ní ọdún 1960 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà pé àwọn oníṣègùn wa ń fi asofẹ́yẹjẹ ṣe ìtọ́jú wèrè.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé ewé àti egbò kò ní láárí, ẹ má ṣe gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà. Nígbà tí àwọn dókítà ti lo reserpine fún ọdún mélòó kan, wọ́n rí ìpalára tí ó ń ṣe. Nígbà tí àwọn oògùn mìíràn tí ewu wọn kéré sì dé, wọ́n pa á tì díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ń lò ó ní ilé ìwòsàn lónìí. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ láti wọn oògùn náà, tí wọ́n sì ní ẹ̀rọ láti wọn ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ni ó bẹ̀rù rẹ̀. Kí ni kí àwa tí a ń fi ife wọn ọ́n ṣe?

OHUN TÍ Ó Ń ṢE NÍNÚ ARA

Ọpọlọ ní àwọn ìránṣẹ́ tí ó ń rán sí gbogbo ara: sí ọkàn pé kí ó yára tàbí kí ó rọra, sí òpó ẹ̀jẹ̀ pé kí ó le tàbí kí ó dẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ yìí jẹ́ èròjà kan tí iṣan ń ṣe, tí ó sì ń kó pamọ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó iṣu sínú àká. Ohun tí reserpine ń ṣe ni pé ó ń ba àká náà jẹ́. Iṣu kò lè dúró nínú rẹ̀ mọ́, èyí tí ó wà níta sì ń bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àká yóò fi ṣófo. Nígbà náà ni ọkàn tí ń sáré yóò rọra, ẹ̀jẹ̀ tí ó ru yóò wálẹ̀, ẹni tí ń pariwo yóò sì dákẹ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé àká kì í ṣófo ní ọjọ́ kan, kì í sì í kún ní ọjọ́ kan. Ewu kìn-ín-ní nìyẹn. Ẹni tí ó mu àgbo yìí fún ẹ̀jẹ̀ ríru lè má rí ìyàtọ̀ kankan fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí agbára rẹ̀ tó hàn tán. Yóò rò pé oògùn náà kò jẹ́, yóò sì fi kún un. Bí ó ti ń fi kún un ni àká ń ṣófo sí i. Nígbà tí ó bá wá rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dìde, bí ó tilẹ̀ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, agbára oògùn náà kò ní kúrò lára rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, àfi ìgbà tí ara bá tún àká rẹ̀ kọ́.

Ewu kejì ni ìwọ̀n. Nígbà tí àwọn dókítà ń fún àgbàlagbà ní reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fún un lójúmọ́ kò ju ìdámẹ́rin mílígíráàmù kan lọ. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti kéré tó, ẹ bu iyọ̀ kún ṣíbí tíì kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Ìpín kan ṣoṣo tó gíráàmù kan. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó reserpine ni ìpín kan náà, yóò tó ènìyàn kan lò fún 4,000 ọjọ́, èyí tí ó ju ọdún 10 lọ. Ta ni ó lè fi ojú wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò? Kò sí gbòǹgbò méjì tí agbára wọn dọ́gba. Èèpo ara gbòǹgbò lágbára ju igi inú rẹ̀ lọ. Igi kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ilẹ̀ àti àsìkò tí a wà á náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ife àgbo tí ó tu bàbá lára ní ọdún tí ó kọjá lè jẹ́ èyí tí yóò dá a dùbúlẹ̀ ní ọdún yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ife kan náà ni.

ÀWỌN ÀMÌ EWU

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ń lo asofẹ́yẹjẹ, ẹ máa ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

1. Òòyì tí ń kọ́ ènìyàn nígbà tí ó bá dìde láti ìjókòó tàbí láti orí ibùsùn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù.

2. Oorun àti àárẹ̀ tí kò lọ. Ẹni tí ó wà nínú irú ipò yìí kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀pẹ tàbí igi obì, kò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ ìgégi lọ́wọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà.

3. Imú dídí láìjẹ́ pé òtútù mú un.

4. Inú rírun àti ọgbẹ́ inú. Oògùn yìí ń mú kí omi kíkan inú ikùn pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ti ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí bi ẹ̀jẹ̀.

5. Ọwọ́ gbígbọ̀n àti ara líle, bíi ti àgbàlagbà tí àìsàn gbígbọ̀n ń ṣe.

6. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù èyí jùlọ. Àwọn tí wọ́n lo reserpine fún ìgbà pípẹ́ ni a ti rí tí ìbànújẹ́ mú láìnídìí, tí oúnjẹ kò wù wọ́n, tí wọ́n sì ń rò pé ikú sàn fún wọn. Bí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe fi ṣe àwàdà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

ÀWỌN TÍ KÒ GBỌ́DỌ̀ FẸNU KÀN ÁN

Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu ún, bẹ́ẹ̀ ni abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú. Oògùn náà ń kọjá sí ara ọmọ inú oyún, ó sì ń bá ọmú jáde. Ọmọ tuntun tí ó gbà á lára ìyá rẹ̀ lè ní imú dídí, kí ó má sì lè mu ọmú dáradára. Àwọn ọmọdé kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe jẹ èso pupa rẹ̀ nínú oko. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí wárápá ń ṣe, ẹni tí ọwọ́ ń gbọ̀n, àti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú rí, gbogbo wọn ni kí ó jìnnà sí i.

Ẹni tí a ní láti bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì ni ẹni tí ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí a wí pé bàbá kan ń lo hóró oògùn tí dókítà fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sọ fún un pé asofẹ́yẹjẹ ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí mu àgbo ní òwúrọ̀, ó sì ń lo hóró oògùn rẹ̀ ní alẹ́. Ẹrù méjì ni ó dì lé orí kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ṣubú lójijì. Èyí tí ó burú bákan náà ni kí ó da hóró oògùn ilé ìwòsàn nù nítorí àgbo, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ó lè tún ru sókè láìjẹ́ pé ó mọ̀, títí tí apá kan ara rẹ̀ yóò fi rọ. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ẹ mu kò lè gbà yín.

Ògógóró ni àwọn mìíràn ń rẹ gbòǹgbò yìí sí. Ọtí ń kunni ní oorun, asofẹ́yẹjẹ ń kunni ní oorun. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ikùn kan náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí yóò parí sí.

Ní ti àgbo inú ìgò tí a ń tà lọ́jà, ẹ wo ara ìgò náà bóyá ó ní nọ́ńbà NAFDAC, èyí tí í ṣe àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí a kọ sí i pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ ọ́ sí pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí a ní oògùn náà ń wò wò. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó lè wo àìsàn yín.

MÁJÈLÉ TÍ Ó TI INÚ OKO WÁ

Ewu kan tún wà tí kì í ṣe ti igi náà fúnra rẹ̀, àwa àgbẹ̀ ni a fi í sí i. Abẹ́ kòkó ni asofẹ́yẹjẹ púpọ̀ ń gbé. Láti àwọn ọdún 1950 ni àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí fín Gamalin 20 sí kòkó nítorí kòkòrò, wọ́n sì ń fín oògùn tí a fi bàbà ṣe nítorí àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú. Lindane ni májèlé inú Gamalin 20. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè fi kà á mọ́ àwọn májèlé tí ó yẹ kí a mú kúrò láyé ní ọdún 2009, ó sì lè pẹ́ nínú ilẹ̀ kí ó tó tán. Lónìí, oògùn apakoríko ti kún un. Ohun tí a fín sórí ewé a máa kán sílẹ̀, ilẹ̀ a sì máa fà á mu. Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣa ewé tàbí kí ẹ wa gbòǹgbò oògùn kankan nínú oko tí a ń fín oògùn sí, ì báà ṣe asofẹ́yẹjẹ tàbí òmíràn. Kò sí bí a ti lè fọ̀ ọ́ tó tí yóò fi dá wa lójú pé májèlé náà ti kúrò.

BÍ A TI LÈ TỌ́JÚ IGI NÁÀ

A kò wí pé kí ẹ pa asofẹ́yẹjẹ run. Igi tí ó fún gbogbo ayé ní oògùn kò yẹ kí ó parẹ́ ní ilẹ̀ wa. Bí a ti ń ro ìgbòrò fún oko tuntun, tí a sì ń gé igbó fún pákó, bẹ́ẹ̀ ni igi oògùn ń dínkù. Ẹni tí ó bá sì wa gbòǹgbò rẹ̀ tán ti pa igi náà. Ohun tí a ń gbà yín níyànjú láti ṣe nìyí.

Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ààlà oko, ní ibi tí ó jìnnà sí kòkó tí ẹ ń fín oògùn sí. Igi náà dára fún ọgbà ààyè. Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ ṣa èso tí ó ti pupa, kí ẹ fi omi bó ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sá irúgbìn inú rẹ̀ sí ibi òjìji. Ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá tí ẹ ti da ilẹ̀ ọlọ́ràá sí, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí, kí ẹ sì máa bomi rin ín. Ẹ ní sùúrù, nítorí pé kì í hù pọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ẹ lè lo ẹ̀ka tí ó ti gbó pẹ̀lú. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáradára ni kí ẹ lọ́ ọ sí ibi tí ẹ fẹ́.

Bí oníṣègùn tí ẹ mọ̀ dájú bá bèèrè gbòǹgbò lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe fa igi náà tu. Ẹ wa apá kan ìdí rẹ̀, kí ẹ gé díẹ̀ nínú àwọn gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó padà. Ẹ fọ èyí tí ẹ gé, ẹ sá a sí òjìji, ẹ dì í lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ egbò mìíràn nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Ẹ má ṣe tà á fún ọmọdé tí a rán níṣẹ́, ẹ má sì tà á fún ẹni tí kò lè sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

BÍ ẸNÌKAN BÁ TI MU ÚN JÙ

Ẹni tí ó ti mu ún jù yóò máa sùn ṣáá, ara rẹ̀ lè tutù, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa lù lọ́ra. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe fún un ní wàrà, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kí ó bì, nítorí pé ẹni tí oorun ń gbé lọ lè fi èébì pa ara rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dùbúlẹ̀, ẹ tú aṣọ tí ó há a lọ́rùn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jùlọ láìfi àkókò ṣòfò. Ẹ mú ìgò àgbo náà tàbí ìyókù gbòǹgbò náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ ohun tí òun ń bá jà. Bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dàbí ẹni pé ó ti yá ní ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ àká tí a ti sọ ṣáájú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan nínú ẹbí yín ni orí rẹ̀ dàrú, ẹ má ṣe fi dè é mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, kí ẹ wá máa da àgbo sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn Aro ṣì wà ní Abẹ́òkúta. Àìsàn ni àìsàn ọpọlọ bí ibà ti jẹ́ àìsàn, ìtọ́jú wà fún un, ẹni tí a bá sì tètè mú lọ ni ó ń tètè rí ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin kì í lo àdá mímú bí ẹni ń lo igi ìdáná. Ẹ mọ ibi tí ẹ ń gbé e sí kí ọmọdé má baà mú un, ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń fi gé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe asofẹ́yẹjẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹyẹ máa jẹ èso rẹ̀ lọ.